Ọjọ́ Kan ní Osaka Pẹ̀lú Ọmọ àti Ìyá Àgbà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè nípa Osaka, ìlú ńlá kan ní Japan, pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ló máa ń wà nídìí gbogbo wọn: ibo la lè dé láàárín ọjọ́ kan tí ọmọ kò fi ní sunkún, tí Màmá kò sì ní máa di orúnkún mú? Ìdáhùn wa kò yí padà. Ẹ mú laini tíréènì kan ṣoṣo, kí ẹ sì tẹ̀ lé e. Ohun tó kù nísàlẹ̀ yìí, àlàyé lórí rẹ̀ ni.

Kí ló dé tó fi jẹ́ laini kan? Ṣebí ìlú náà tóbi?

Títóbi rẹ̀ gan-an ló fà á. Laini mẹ́jọ ni Osaka Metro ní lábẹ́ ilẹ̀. Èyí àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní Midosuji, ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1933. Jíjókòó nínú tíréènì kò rẹ èèyàn. Ohun tó ń rẹni ni pípààrọ̀ láti laini kan sí òmíràn: ẹ ó gun àtẹ̀gùn, ẹ ó rìn gba ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó gùn, ẹ ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ní agbègbè Umeda, níbi tí tíréènì oríṣiríṣi ti pàdé, ẹni tí kò mọ ojú ọ̀nà lè rìn títí kó tó rí ibi tí yóò gbà jáde. Ẹ wá fi kẹ̀kẹ́ ọmọ, báàgì pámpáàsì àti ẹsẹ̀ Màmá kún un.

Àwọn ìwé arìnrìn-àjò a máa to ibi mẹ́jọ sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ẹni tó dá rìn, tó sì ní bàtà tó dáa, lè gbìyànjú ẹ̀. Fún ìdílé, ibi méjì àti oúnjẹ kan tó dáa ti tó.

Ó dáa, laini wo wá ni?

Chuo, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ewé. Ó gba àárín ìlú kọjá láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, ó sì dé etí òkun. Ilé Olódi Osaka wà lórí rẹ̀, ilé ẹja Kaiyukan náà wà lórí rẹ̀. Ẹ lọ sí ilé olódi láàárọ̀, kí ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Tanimachi 4-chome tàbí Morinomiya. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ wọ tíréènì ní Tanimachi 4-chome kí ẹ máa lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ibùdókọ̀ keje, Osakako, ni ti Kaiyukan. Ẹ kò ní pààrọ̀ ohunkóhun.

Lẹ́yìn Awaza, tíréènì náà á jáde kúrò lábẹ́ ilẹ̀, á sì máa sáré lójú afẹ́fẹ́. Àwọn ọmọ tó ti ń sú lọ á dìde sí ojú fèrèsé.

Bí agbára bá kù nírọ̀lẹ́, ẹ padà dé Hommachi, kí ẹ pààrọ̀ sí Midosuji, kí ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Namba fún Dotonbori, àdúgbò oúnjẹ àti fàájì. Pípààrọ̀ kan ṣoṣo tí a fọwọ́ sí nìyẹn.

Wọ́n ní ilé olódi náà kì í ṣe ti àtijọ́ gan-an. Ṣé ó yẹ ká náwó sí i?

Òótọ́ ni, ilé gogoro tí ẹ ń rí nínú fọ́tò, kọnkéré ni. Toyotomi Hideyoshi, jagunjagun tó kó gbogbo Japan sábẹ́ àṣẹ ara rẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ ilé olódi náà ní ọdún 1583. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìdílé Tokugawa gbógun ti ọmọ rẹ̀, wọ́n ṣẹ́gun ní ọdún 1615, ilé náà sì jóná. Àwọn Tokugawa tún un kọ́, wọ́n sì rí i dájú pé tiwọn ga ju ti ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun lọ. Àmọ́ ààrá sán pa ilé gogoro wọn náà ní ọdún 1665, ó jó tán, kò sì sí ẹni tó gbé òmíràn dìde fún ohun tó lé ní 260 ọdún.

Èyí tó wà níbẹ̀ lónìí, ọdún 1931 ni wọ́n parí rẹ̀. Àwọn ará ìlú ló dá owó rẹ̀, mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ yen. Ohun tó máa ń ya àwọn àlejò lẹ́nu ni pé apá tó pọ̀ jù nínú owó náà ni wọ́n fi kọ́ ilé fún àwọn ológun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé ológun ọ̀hún ṣì wà, ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù ló wà nínú rẹ̀ báyìí.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun àtijọ́ gidi, ẹ yí ojú kúrò lára ilé gogoro, kí ẹ wo ògiri òkúta àti yàrà. Ìyẹn ni ti Tokugawa láti nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá wọ ẹnubodè Sakuramon, òkúta kan á dojú kọ yín tí wọ́n ń pè ní Takoishi. Wọ́n fojú bù ú pé ó wúwo tó 108 tọ́ọ̀nù. Kò sí ẹ̀rọ agbẹ́rù nígbà náà o. Orí omi ni wọ́n ti gbé irú òkúta bẹ́ẹ̀ wá láti erékùṣù, wọ́n sì fi okùn àti agbára èèyàn wọ́ ọ gòkè. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró ti òkúta náà, kí ẹ yà wọ́n ní fọ́tò. Fọ́tò yẹn dára ju ti ilé gogoro lọ.

Ní ti owó: láti oṣù kẹrin ọdún 2025, 1,200 yen ni àgbàlagbà ń san láti wọ ilé gogoro, 600 ni tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí kò tíì kọjá ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré kì í san nǹkan kan. Ọgbà tó yí i ká kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èrò tèmi ni pé bí ọmọ yín kò bá tíì pé ọdún méje, ẹ má wulẹ̀ wọlé. Àkójọ ìwé, ìhámọ́ra ogun àti àwòrán ìtàn ló pọ̀ jù nínú ibẹ̀, ọmọ kékeré á sì ti máa fa aṣọ yín kí ẹ tó dé àjà kẹta. Fún ọmọ ọdún mẹ́wàá tó fẹ́ràn ìtàn ogun, ó tọ́ sí i. Láti àjà kẹjọ, ẹ ó rí gbogbo ìlú.

Láti ọjọ́ 28 oṣù kejìlá sí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, wọn kì í ṣí ilé gogoro náà.

Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ṣé wọ́n lè gun ibẹ̀?

Wọ́n lè gun ún, ṣùgbọ́n ìrìn láti ibùdókọ̀ sí ilé gogoro ni kí ẹ rò ju lífítì lọ. Ó jìnnà díẹ̀, ó sì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọkọ̀ kékeré kan wà tó ń gbé èèyàn káàkiri inú ọgbà, tí wọ́n ṣe bíi tíréènì. Ẹ san owó rẹ̀ fún Màmá láìjanpata, inú àwọn ọmọ á sì dùn láti bá wọn jókòó. Nínú ilé gogoro, lífítì wà. Àjà karùn-ún ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dé. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, kó sọ fún òṣìṣẹ́ tó dúró níbẹ̀, wọ́n á gbé e gòkè sí i.

Bí Màmá bá ní ìjókòó wù wọ́n, ẹ wá àga sábẹ́ igi, kí ẹ ra tíì tútù fún wọn, kí ẹnì kan dúró tì wọ́n. Ìparí oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni òdòdó ṣẹ́rì máa ń yọ nínú ọgbà yìí. Nǹkan bí 3,000 igi ló wà níbẹ̀. Ní àkókò yẹn, ẹni tó jókòó ń jẹ ìgbádùn ju ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn lọ.

Kí ló wà ní Kaiyukan tí ẹ fi ń yìn ín tó báyìí?

Ẹja. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe tò ó. Wọ́n ṣí i ní ọdún 1990. Ẹ ó gun òkè lọ sí àjà kẹjọ, níbi tí igbó àti odò wà, lẹ́yìn náà ẹ ó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yí àgbá omi ńlá kan po. Omi 5,400 tọ́ọ̀nù ló wà nínú àgbá yẹn, jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ mítà mẹ́sàn-án. Whale shark, ẹja tó tóbi jù lọ láyé, ló ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ ó rí i lójú omi nígbà tí ẹ wà lókè, ẹ ó rí ikùn rẹ̀ nígbà tí ẹ bá wà nísàlẹ̀. Ọmọ yín á máa dúró dè é pé kó yí padà wá, yóò sì yí padà wá. Ẹ má kánjú níbẹ̀. Yàtọ̀ sí i, pẹ́ńgúìnì wà, ẹ ó rí àwọn ẹran omi tó ń tàn nínú òkùnkùn, ẹ ó sì rí alákàn kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju apá àgbàlagbà lọ.

Nítorí pé ọ̀nà náà ń sọ̀ kalẹ̀ ni, kò ni àgbàlagbà lára. Inú ilé ni gbogbo rẹ̀, òjò àti oòrùn kò débẹ̀. Nítorí náà la ṣe fi í sí ọ̀sán.

Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní wákàtí tí ẹ gbọ́dọ̀ wọlé, iye rẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ láti ọjọ́ kan sí òmíràn. Ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé, pàápàá bó bá jẹ́ Sátidé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò san nǹkan kan.

Kí la tún lè ṣe ládùúgbò yẹn láìnáwó?

Ẹ gun òkè. Àdúgbò náà ń jẹ́ Tempozan, òkè kan sì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, tó ga ní mítà 4.53. Bẹ́ẹ̀ ni, mítà mẹ́rin àtààbọ̀ lé díẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jáde nínú odò ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn òkè tó kúrú jù lọ ní Japan ni. Ẹni tó bá ti gun Òkè Olúmọ rí ní Abẹ́òkúta á rẹ́rìn-ín títí tó fi máa dé orí rẹ̀, ìyẹn ni pé kò ní rẹ́rìn-ín pẹ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè náà ni ọkọ̀ ojú omi ọ̀fẹ́ wà. Ìjọba ìlú Osaka ṣì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èèyàn sọdá ní ibi mẹ́jọ, wọn kì í gba owó, nítorí pé ojú ọ̀nà ìlú ni wọ́n ka omi náà sí. Èyí tó wà ní Tempozan ń lọ sí Sakurajima. Ẹ bá àwọn tó gbé kẹ̀kẹ́ wọn dání wọ̀ ọ́, ẹ sọdá, ẹ padà. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, àwọn ọmọ sì máa ń fẹ́ràn rẹ̀ ju ọkọ̀ ojú omi olówó gọbọi lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ náwó, kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yípo lójú sánmà wà níbẹ̀, ó ga ní mítà 112.5. Ẹni tí òyì máa ń kọ́ bó bá wà lókè, kó dúró nísàlẹ̀.

Báwo la ṣe ń san owó tíréènì? Èló ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́?

Ẹ ra káàdì ọjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Enjoy Eco Card lára ẹ̀rọ tó wà ní ibùdókọ̀ Metro. Ní ọjọ́ iṣẹ́, 820 yen ni ti àgbàlagbà. Ní Sátidé, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi, 620 ni. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 310 yen. Ọmọ tí kò tíì wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í san bó bá wà pẹ̀lú àgbàlagbà, ọmọ méjì sì ni àgbàlagbà kan lè mú dání lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá, ìyá àti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ méjì á san 2,260 yen lọ́jọ́ iṣẹ́, 1,860 lópin ọ̀sẹ̀. Káàdì yìí kò ṣiṣẹ́ lórí tíréènì JR, ilé iṣẹ́ rélùwéè ńlá ti Japan, tàbí ti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn, àwọ̀ àti àmì ibodè wọn yàtọ̀.

Ẹ mú owó lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ibi ló ń gba káàdì báńkì báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ilé oúnjẹ kékeré kan ṣì wà tó jẹ́ owó nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹ̀rọ ATM inú ṣọ́ọ̀bù 7-Eleven máa ń gba káàdì ilẹ̀ òkèèrè.

Kí la máa jẹ? Àwọn ọmọ mi kò fẹ́ ẹja tútù tí wọn kò sè.

Kò sí ẹni tó máa fi ẹja tútù lé wọn lọ́wọ́. Osaka kì í ṣe ìlú ẹja tútù bẹ́ẹ̀, ìlú oúnjẹ orí iná ni. Takoyaki ni kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn: ìyẹ̀fun àlìkámà tí wọ́n pò pẹ̀lú ẹyin àti omi ẹja, tí wọ́n dà sínú agbada oníhò, tí wọ́n fi ọ̀kítópọ́ọ̀sì sáàárín, tí wọ́n ń fi igi ṣóńṣó yí títí yóò fi rí róbótó. Ní ojú, ẹ ó rò pé àkàrà ni. Inú rẹ̀ kò le bíi ti àkàrà o, omi gbígbóná ni. Ẹ là á sí méjì kí ó tutù kí ẹ tó fún ọmọ, àbí ahọ́n á bó. Ìlú yìí gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930.

Okonomiyaki náà wà, ìyẹ̀fun àti ewé kábéèjì tí wọ́n dín lórí irin gbígbóná níwájú yín. Ẹlẹ́dẹ̀ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ẹ bèèrè èyí tí wọ́n fi edé ṣe. Udon, nudulu funfun tó nípọn nínú omi ọbẹ̀, ni ìgbàlà fún ọmọ tó ń ṣe ṣìọ̀ sí gbogbo nǹkan. Màmá náà á fẹ́ ẹ. Ẹ mú ata gígún kékeré dání fún wọn. Ohun tí àwọn ará Japan ń pè ní ata kò jọ ata lẹ́nu wa.

Oúnjẹ ọ̀sán tó wọ́pọ̀, nǹkan bí 1,000 yen lé díẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ dín in kù, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ń pè ní konbini, ẹ ra onigiri, ìrẹsì tí wọ́n dì mọ́ ẹja tàbí nǹkan mìíràn, kí ẹ jẹ ẹ́ nínú ọgbà ilé olódi.

Mùsùlùmí ni wá. Ṣé ó máa ṣòro?

Ó gba ìṣọ́ra. Ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ramen, nudulu inú omi ọbẹ̀, ọtí sísè wà nínú àwọn ọbẹ̀ tí ẹ kò lè fojú rí i, wáìnì ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní mirin sì wà nínú ọbẹ̀ aládùn. Bí ẹ bá le lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹ wá ilé oúnjẹ tó kọ halal síta. Wọ́n wà ní agbègbè Namba, àwọn ilé oúnjẹ ará Índíà àti Pakistan sì pọ̀. Ṣùhúrì àti Àsárì á bá yín níta. Ẹ mú ẹní kékeré àti ṣágo omi dání. Mọ́sáláṣí Osaka wà ní Nishiyodogawa, ó jìnnà sí laini yìí, nítorí náà bó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹ tò ó mọ́ ètò yín tàbí kí ẹ lọ sí ìlú lọ́jọ́ mìíràn. Yàrá ìkírun wà ní pápákọ̀ òfuurufú Kansai.

Ilé ìgbẹ́ ńkọ́? Àti ibi tí a ti lè pààrọ̀ pámpáàsì?

Ilé ìgbẹ́ wà ní gbogbo ibùdókọ̀, ó mọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá èyí tó gbòòrò, tí wọ́n ya àwòrán kẹ̀kẹ́ aláìlera àti ọmọ sí lára: tábìlì ìpààrọ̀ pámpáàsì wà nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ kò ní rí ni ibi ìdalẹ̀sí. Ẹ mú láílọ́ọ̀nù dání, ohun tí ẹ bá lò, ẹ gbé e padà sí òtẹ́ẹ̀lì. Àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń ta ohun mímu, ìgò àti agolo nìkan ló wà fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pámpáàsì síbẹ̀.

Kí ni àwọn nǹkan tó lè kó ìtìjú bá wa nínú tíréènì?

Ìpè orí fóònù ni olórí wọn. Wọn kì í gbé fóònù sétí nínú tíréènì níbẹ̀. Bí Bùrọ̀dá bá pè láti Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kó dún dákẹ́, ẹ pè é padà tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀.

Èkejì kan àwọn bàbá. Lórí laini Midosuji, kọ́ọ̀ṣì kan wà fún obìnrin nìkan ní ọjọ́ iṣẹ́ láti àárọ̀ títí alẹ́. Àmì aláwọ̀ píǹkì wà nílẹ̀ àti lára ilẹ̀kùn. Ọmọkùnrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè bá ìyá rẹ̀ wọ̀ ọ́, bàbá rẹ̀ kò lè wọ̀ ọ́. Kí bàbá gba kọ́ọ̀ṣì tó tẹ̀ lé e.

Lórí ẹsikalétọ̀, apá ọ̀tún ni àwọn ará Osaka ń dúró sí. Ní Tokyo, apá òsì ni. Má bèèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ mi, oríṣiríṣi àlàyé ni wọ́n ń ṣe.

Ìyá àgbà kan tí a kò mọ̀ fún ọmọ mi ní súìtì nínú ọkọ̀. Ṣé kí n gbà á?

Ẹ gbà á, kí ọmọ tẹríba, kó sọ pé arigatō. Àwọn ìyá àgbà Osaka lókìkí fún èyí ní gbogbo Japan. Súìtì kì í kúrò nínú báàgì wọn, wọ́n sì máa ń fún ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Osaka yàtọ̀ sí Tokyo lọ́nà yìí. Wọ́n á bá yín sọ̀rọ̀, wọ́n á fẹ́ mọ ibi tí ẹ ti wá, wọ́n á sì ṣe àwàdà tí ẹ kò ní gbọ́. Bí ọmọ yín bá kúnlẹ̀ kí wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ ọ nílé, ariwo ìdùnnú tí wọ́n á pa kò ní kéré. Ẹ ó tún rí i pé àwọn ọmọdé ń wo irun dídì lórí ọmọbìnrin yín. Ìyanu ló ń ṣe wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá na ọwọ́ sí i, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì yẹ orí ọmọ sẹ́yìn, á yé wọn.

Ṣé kí a fi Universal Studios, ọgbà ìṣeré ńlá yẹn, kún un?

Rárá. Ọjọ́ kan odidi ni ti ibẹ̀.

Ọmọkùnrin mi, bọ́ọ̀lù nìkan ló mọ̀. Ǹjẹ́ nǹkan kan wà fún un?

Ẹ mú un lọ sí Nagai, lórí laini Midosuji sí apá gúúsù. Nínú pápá ìṣeré Nagai ni Super Eagles ti kojú England ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2002 nínú ìdíje Ife Àgbáyé, tí wọ́n sì gbá òmì, kò sí gólì. Àwọn Eagles ti pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì sẹ́yìn, Argentina 1–0 àti Sweden 2–1, nítorí náà ọjọ́ náà kò lè gbà wọ́n là mọ́. Adégbóyè Onígbìnde, ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́, ni olùkọ́ wọn. Ọjọ́ yẹn náà ni Vincent Enyeama, ọmọdékùnrin aṣọ́lé nígbà náà, kọ́kọ́ dúró sí ẹnu ilé ní Ife Àgbáyé. Mo rántí pé ọ̀pọ̀ èèyàn nílé ló ń bínú sí ikọ̀ náà, tó fi jẹ́ pé wọn kò ka òmì yẹn sí. Ó yẹ kí wọ́n kà á sí: Owen, Beckham àti Scholes ló wà níwájú ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún yẹn.

Ọgbà ohun ọ̀gbìn àti ilé àkójọ nípa ẹranko àti egungun wọn wà nínú ọgbà Nagai kan náà, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò fi ní ráhùn. Bí ẹ bá yan Nagai, kó jẹ́ dípò ilé olódi ni, ẹ má fi kún un.

Ìgbà wo ló dára jù lọ́dún?

Ìparí oṣù kẹta sí àárín oṣù kẹrin, tàbí oṣù kọkànlá. Oṣù kẹfà sí àárín oṣù keje, òjò. Oṣù kẹjọ, ooru tó ń lọ sí 35 àti afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara. Ará Èkó á sọ pé òun mọ ooru, títí ó fi máa rìn láti Morinomiya dé ilé olódi lọ́sàn-án. Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ tó parí oṣù kẹrin tó sì bẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, ìsinmi wọn ni, gbogbo Japan ló ń rìnrìn-àjò.

Ìwé àṣẹ ìwọ̀lú ńkọ́?

Ẹni tó di ìwé ìrìnnà Nàìjíríà mú gbọ́dọ̀ gba físà ní ilé iṣẹ́ aṣojú Japan ní Abuja kó tó gbéra. Ẹni tó di ti Bìrìtìkó tàbí Amẹ́ríkà mú kò nílò rẹ̀ fún ìbẹ̀wò tí kò ju 90 ọjọ́ lọ, ti Brazil náà ti wọ ètò yẹn láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ yìí máa ń da ìdílé kan sí méjì: àwọn ọmọ kò nílò físà, Màmá nílò rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ti Màmá ṣáájú ohun gbogbo. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń jáde, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání. Òfin ni, ọlọ́pàá lè bèèrè rẹ̀.

Bí ọmọ bá sọnù ní Dotonbori ńkọ́?

Dotonbori nírọ̀lẹ́, èrò á ti kún afárá. Gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò níwájú àmì Glico, ọkùnrin tó ń sáré tó na ọwọ́ méjèèjì sókè, èyí tó ti wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi láti ọdún 1935. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín àti orúkọ òtẹ́ẹ̀lì sórí bébà, kí ẹ fi sínú àpò ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àmì ọkùnrin yẹn ṣe ibi ìpàdé, ọmọ ọdún mẹ́rin pàápàá lè mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò bá rí i kíákíá, ẹ wá ilé ọlọ́pàá kékeré tí wọ́n ń pè ní kōban, tàbí kí ẹ pe 110. Ti ọkọ̀ aláìsàn ni 119. Ẹni àkọ́kọ́ tí ọmọ bá lọ bá ní ìlú yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kōban ló máa mú un lọ.

Ìgbà wo ni tíréènì ń ṣíwọ́?

Ní nǹkan bí agogo méjìlá òru. Bí Màmá bá ti sùn lórí àga ṣáájú ìgbà yẹn, takisí wà, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì máa ń ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ má fà á.